Ọwọ́ Tó Ń Bọ́ Ẹja Lọ́sàn-án

Ìyá Ẹ̀rọ, obìnrin tó ń lọ èròjà oúnjẹ ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé àwọn ọmọ kéékèèké, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀ kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Ìyẹ̀fun sóyà funfun lórí ìpéǹpéjú rẹ̀ bí ẹni tó darúgbó lójijì. Ó ní kí n má ṣe sọ ọ́ bí àlọ́, nítorí pé ìṣojú òun ló ti ṣẹlẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́, àfi ibi tí ẹkún kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, obìnrin méjì. Gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò títí orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n fi di ohun ìgbàgbé. Ìyá wọn kú nígbà tí Àbúrò wà lọ́mọ oṣù mẹ́fà, tí Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ̀gbọ́n ló ń ki ìka bọ wàrà, tó ń fi í sí ọmọ náà lẹ́nu títí yóò fi sùn. Kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé ọmọ mélòó ló ní, á ní, "Ọ̀kan ṣoṣo. Ìyá mi ló bá mi bí i."

Adágún ẹja méjì ni bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn, ògiri kan tí kò ga ju orúnkún lọ ló pààlà sáàárín wọn. Ẹja àrọ̀ ni wọ́n ń sìn. Ẹ̀gbọ́n kì í ra oúnjẹ ẹja. Ó ń pò ó fúnra rẹ̀ bí bàbá wọn ṣe kọ́ ọ: àgbàdo, sóyà, ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ kúrò, ẹja gbígbẹ lílọ̀, egungun lílọ̀, iyọ̀ díẹ̀. Á fi omi gbígbóná pò ó, á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á sá a sóòrùn títí á fi le. Oúnjẹ tó ṣe é jẹ ni, ṣùgbọ́n bó bá ti kan omi báyìí, ó rì nìyẹn. Ẹni tó dà á sómi kò lè rí èyí tí ẹja jẹ, kò sì lè rí èyí tí wọ́n fi sílẹ̀. Bí ẹja bá ṣe ń sáré sí i ló fi ń mọ̀. Bí wọ́n bá ń gun orí ara wọn, tí wọ́n ń ta omi sí i láṣọ, inú Ẹ̀gbọ́n á dùn, á máa bú wọn pẹ̀lú ẹ̀rín: "Ẹ̀yin ọ̀jẹun yìí, ẹ fẹ́ jẹ mí mọ́ ọn ni?"

Àbúrò ní tirẹ̀ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀sìn ẹja, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra oúnjẹ ilé-iṣẹ́, èyí tó máa ń léfòó lórí omi bí èso kéékèèké. Ẹja rẹ̀ sanra. Ti Ẹ̀gbọ́n lórí ńlá, wọn ò lára.

Lọ́jọ́ kan, níwájú àwọn oníbàárà, Àbúrò la ẹnu rẹ̀ ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ẹja yín ló burú o. Ohun tó ń fún ẹja lẹ́ran lára ló kéré nínú oúnjẹ yín." Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé òun ò lè ra ẹja olórí ńlá bí ọ̀gá ilé-ìwé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àbúrò gbé odindi àpò oúnjẹ tirẹ̀ wá síwájú ilẹ̀kùn Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n fi orí rù ú padà fún un.

"Mo bọ́ ọ títí o fi hu eyín," ló wí, ó sọ àpò náà kalẹ̀. "Ìwọ ló wá kù tí yóò máa bọ́ mi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹja ni mo ní kí ẹ fi bọ́."

"Ẹja mi kì í ṣe ọmọ aláìníyàá. Má gbé e wá mọ́."

Láti ọjọ́ náà, ìkíni wọn di ti ẹni tó pàdé lójú títì.

*

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹja Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ.

Láàárọ̀, wọ́n á jẹ. Nírọ̀lẹ́, á da oúnjẹ sómi, omi á dákẹ́ rọ́rọ́ bí ẹni pé kò sí ohun ẹlẹ́mìí kan nínú rẹ̀. Ó rò pé bóyá oúnjẹ náà kéré jù fún wọn láti rí, ó fi kún un. Lọ́jọ́ kejì, ó tún fi kún un. Omi adágún bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Àwọn lékeléke tó máa ń dúró létí rẹ̀ ṣí lọ sí ti Àbúrò, gbogbo wọn, wọ́n tò sórí ògiri, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i.

Ọ̀sán ojoojúmọ́ ló ń lọ lọ èròjà ní ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹ̀rọ, tó sì ń sá oúnjẹ rẹ̀ sórí pèpéle ibẹ̀, nítorí pé oòrùn ibẹ̀ mú. Ó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

"Bóyá ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà," ni Ìyá Ẹ̀rọ wí. "Àfàìmọ̀ kí ẹja tìrẹ má ti di wòlíì."

Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. "Ẹnì kan ń ṣe wọ́n," ló wí. "Ẹja kì í déédéé kọ oúnjẹ."

Lọ́jọ́ tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ já, ó tètè padà sílé. Oòrùn wà láàárín orí. Kò sẹ́ni kankan ní àgbàlá. Lórí sìmẹ́ǹtì etí adágún, ó rí ipa ẹsẹ̀ tútù kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún, tó ń gbẹ níṣojú rẹ̀. Ìka rẹ̀ kọ́kọ́ parẹ́, lẹ́yìn náà gìgísẹ̀, títí kò fi ku nǹkan kan. Ó wo omi. Hóró oúnjẹ ẹja mẹ́ta ń léfòó lórí rẹ̀, wọ́n ń yí po, wọ́n ń yí po, láìsí afẹ́fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ò ra oúnjẹ tó ń léfòó rí láyé rẹ̀.

Ó fi ewé gbọ́n wọn, ó wé wọn sínú bébà. Ó mọ ilé tí oúnjẹ náà ti wá.

*

Ó gbé bébà náà lọ bá Baba Onígò, oníṣègùn tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lẹ táyà. Ìgò ló tò láti ilẹ̀ dé àjà, kò sí àkọlé lára ìkankan. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ń gba inú wọn kọjá, ó ń pa àwọ̀ ewé sára ògiri, débi pé ẹni tó bá wọlé á rò pé ìsàlẹ̀ omi lòun wà. Baba fúnra rẹ̀ kò bani lẹ́rù. Ó kéré, ó lọ ẹ̀wù rẹ̀ dáadáa, èékánná rẹ̀ mọ́ bíi ti akọ̀wé.

Ó tú bébà náà. Kò fọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀.

"O mọ ẹni tó ni ín," ló wí.

"Mo mọ̀ ọ́n, Baba."

"Má dárúkọ rẹ̀. Oògùn mi kì í gbọ́ orúkọ, ọwọ́ ló ń mọ̀. Kí lo fẹ́?"

"Mo fẹ́ kí ọwọ́ náà yéé wọ adágún mi."

"Ọ̀nà méjì ni ọwọ́ fi ń yéé. A lè bá ẹni tó ni ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ṣé o ti bá a sọ̀rọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n rántí ẹ̀rín àwọn oníbàárà. "Rárá," ló wí. "Kí ọwọ́ náà gbẹ."

Ohùn náà jáde lẹ́nu rẹ̀ bíi ti ẹlòmíràn. Baba wò ó títí.

"Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ ńkọ́?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́."

"Mo ti bi ọ́ o," ni Baba wí. Ó nawọ́ sókè, ó mú ìgò kékeré kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti mú un, àyè ìgò mìíràn ṣófo, eruku yí i ká róbótó. Ẹnì kan ti gbé ìyẹn lọ láìpẹ́. Ẹ̀gbọ́n rí i, kò bèèrè.

Baba ní kó fi díẹ̀ pa etí adágún yípo, níbi tí ọwọ́ ti máa ń kan ògiri kó tó kan omi. Kó pò èyí tó kù mọ́ oúnjẹ. Kó fi abọ́ da oúnjẹ sómi, kí ọwọ́ ara rẹ̀ má kan omi náà fún ọjọ́ méje.

"Ọwọ́ tó bá bọ́ ẹja yẹn, tí kì í ṣe tìrẹ," ló wí, kò sì parí ọ̀rọ̀ náà.

*

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Àbúrò dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ títí ó fi gbọ́ tí géètì Ẹ̀gbọ́n dún. Ó ka ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà ló mú abọ́ tó fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ, ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá ògiri.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí Ẹ̀gbọ́n ò bá gba oúnjẹ lọ́wọ́ òun, ẹja Ẹ̀gbọ́n á gbà á. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ kí wọ́n sanra díẹ̀díẹ̀, kí Ẹ̀gbọ́n rò pé oúnjẹ bàbá wọn ló ṣe é, kí ó lè gbé orí sókè níwájú àwọn oníbàárà. Kò mọ̀ pé nírọ̀lẹ́, nígbà tí ẹja bá ti yó, Ẹ̀gbọ́n ń da ìlọ́po méjì lé e, tí gbogbo rẹ̀ ń rì, tó ń jẹrà nísàlẹ̀ omi.

Ó kàn rí i pé ó ń rẹ àwọn ẹja náà. Ìdí nìyẹn tó fi lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lẹ táyà lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí baba kan níbẹ̀ fi fún un ní ìgò oògùn kékeré tó ń mú kí ohun ọ̀sìn jẹun. Ó ti pò ó mọ́ oúnjẹ inú abọ́.

Ó gbé ọwọ́ òsì lé etí adágún, ó fi ọwọ́ ọ̀tún da oúnjẹ. Ẹja yọjú. Wọn ò bẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn la ẹnu. Sìmẹ́ǹtì náà gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ abẹ́ igi ló wà. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi láti tù ú. Nǹkan kan gún un lọ́wọ́ ọ̀tún, kò dùn ún ju bí ẹ̀fọn ṣe ń jẹni lọ. Ó yọ ọwọ́, ó wò ó. Kò rí ẹ̀jẹ̀.

"Ẹ jẹun," ló sọ fún àwọn ẹja náà jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹun, kí inú ìyá mi lè dùn."

Kì í pe Ẹ̀gbọ́n ní ìyá mi àfi tó bá dá wà.

*

Ní ọjọ́ kẹrin, Ìyá Ẹ̀rọ sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé, "Àbúrò rẹ wá síbí láàárọ̀ wá ra sóyà tó fẹ́ pò mọ́ ẹ̀kọ, kò lè gbé báàgì. Ó fi aṣọ di ọwọ́ ọ̀tún. Ó ní ẹ̀gún ẹja ló gún òun."

Nǹkan kan dùn nínú ikùn Ẹ̀gbọ́n bí oyin. Kó tó dé ilé, oyin náà ti kan. Kò lè jẹun. Ó fi abọ́ da oúnjẹ olóògùn sómi, ó dà á ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, bí ẹni tó fẹ́ fi oúnjẹ bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ karùn-ún. Gbogbo ẹja wà lójú omi. Wọ́n na imú sókè, wọ́n ń pa ẹnu dé, wọ́n ń là á, ẹgbẹ̀rún ẹnu kékeré tí kò ní ohùn. Bó ṣe ń wò wọ́n ni wọ́n ń dojú ikùn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n kò sunkún. Ó gba orí ògiri kọjá, ó ti ilẹ̀kùn Àbúrò wọlé láìkànkùn.

"O ti pa wọ́n tán," ló wí. "Mo rí oúnjẹ rẹ lórí omi mi. Kí lo fi sínú rẹ̀?"

Àbúrò jókòó sórí ibùsùn. Aṣọ tó fi di ọwọ́ wà lórí itan rẹ̀. Ọwọ́ náà dúdú bí igi tí iná jó, àwọn ìka rẹ̀ ká wọnú bí ẹsẹ̀ ẹyẹ tó kú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àárọ̀," ló wí. "Èmi ni mo ń fún wọn lóúnjẹ. Ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbé e wá lójú yín, ẹ ò ní gbà á."

"O ń fún wọn lóúnjẹ?"

"Lọ́sàn-án. Ìkúnwọ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí wọ́n lára, kí àwọn oníbàárà yéé fi yín rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo rí i pé ó ń rẹ̀ wọ́n, mo lọ gba oògùn ìjẹun lọ́wọ́ Baba Onígò."

Ẹ̀gbọ́n ronú kan gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí omi fi dákẹ́. Yíyó ni wọ́n yó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, yíyó ni wọ́n yó.

"Wọ́n ní kí ni nílé ìwòsàn?"

"Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́. Wọ́n fẹ́ gé e kó má baà gun apá. Kí ló ń ṣe yín, Ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ jókòó."

Ẹ̀gbọ́n kò jókòó. Ó ti ń sáré.

*

Baba Onígò ń nu ìgò. Ó gbọ́ ọ tán.

"Àbúrò mi ni," ni Ẹ̀gbọ́n ń wí. "Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ẹ tú u fún mi."

"Oògùn ò mọ ìfẹ́. Mo ti sọ fún ọ, ọwọ́ ló mọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ fún àwa méjèèjì lóògùn. Ẹ mọ̀, Baba. Nígbà tí mo gbé bébà yẹn wá, ẹ ti mọ̀."

"Ó wá gba ohun tó fẹ́. Ìwọ náà wá gba ohun tí o fẹ́. Mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì." Ó gbé ìgò kalẹ̀. "Ó ṣì ṣe é tú. Mú ẹja kan wá fún mi láti inú adágún yẹn, èyí tó ti jẹ lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Kó wà láàyè dé ọwọ́ mi. Kó tó di ọ̀sán."

Ẹ̀gbọ́n rìn sínú adágún pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn. Omi tí wọ́n ní kí ọwọ́ rẹ̀ má kàn dé àyà rẹ̀. Ó ń yí ẹja sí ọ̀tún, ó ń yí wọn sí òsì, ó ń gbé wọn sókè, ó ń fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ wọn wò. Òkú. Òkú. Wọ́n ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọṣẹ. Ìyá Ẹ̀rọ, tó rí i tó ń sáré kọjá, ti dé etí adágún, ó sì ń pè é kó jáde.

Ní igun tí páìpù ti ń kán omi, ó bá ọ̀kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì ń mì.

Ó gbé e sínú korobá, ó da omi mímọ́ lé e, ó gbé korobá náà mọ́ àyà. Ó ń rìn, ó ń sáré, ó ń rọra rìn kó má baà gbọ̀n. Ó ń bá ẹja náà sọ̀rọ̀. Ìyá Ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ lé e gbọ́ ọ: "Dúró dè mí. Jọ̀ọ́, dúró dè mí. Mo máa fún ọ lóúnjẹ tó dáa." Wọ́n kọjá ilé-ìwé, wọ́n kọjá ilé epo. Níwájú ṣọ́ọ̀bù táyà, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ibẹ̀ yọjú wo inú korobá, ó ní, "Màmá, ẹ tètè lọ sè é, ó ti kú."

Ẹ̀gbọ́n kò wò ó. Ó gbé korobá wọlé. Baba Onígò wo inú rẹ̀, ó wo Ẹ̀gbọ́n, ó sì padà sí ìgò tó ń nù.

*

Wọ́n gé ọwọ́ náà níbi ọrùn ọwọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, Àbúrò pe Ẹ̀gbọ́n wá sí etí adágún tirẹ̀. Báàgì kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìyá Ẹ̀rọ ló bá a dì í, òun náà ló dúró tì wọ́n.

"Baba Onígò ní kí n bi yín léèrè ohun kan," ni Àbúrò wí. "Ó ti sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ fi oògùn pa etí adágún. Kì í ṣe ìyẹn. Nígbà tí ẹ ń pa á, ta lẹ rò pé ó ni ọwọ́ náà?"

Irọ́ wà lẹ́nu Ẹ̀gbọ́n. Ó lè ní olè. Ó lè ní ọ̀tá. Àbúrò á gbà á gbọ́, nítorí pé ó ń fẹ́ gbà á gbọ́. Ó hàn lójú rẹ̀.

"Ìwọ ni," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Àbúrò mi orí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló sọ.

"Ẹja mi á wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń jẹ, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Oúnjẹ wà nínú yàrá, ẹ má jẹ́ kí òjò kàn án, ó máa ń bu. Ẹ dà á díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró kí ẹ wò ó. Bó bá ń kù lórí omi, wọ́n ti yó nìyẹn, ẹ má fi kún un. Bí omi bá ń rùn, ẹ má fún wọn ní nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ omi. Ebi ọjọ́ kan ò lè pa ẹja."

"Níbo lò ń lọ?"

"Kò jìnnà."

"Ta ni yóò máa bá ọ gé ẹran, tí yóò máa bá ọ de aṣọ? Jẹ́ kí n máa bọ́ ọ. Ọwọ́ mi méjèèjì wà. Mo ti ṣe é rí."

"Ẹ ti ṣe é rí, Ẹ̀gbọ́n mi," ni Àbúrò wí. "Ẹ ṣeun."

Ó kúnlẹ̀ kí i, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Nígbà tó fẹ́ dìde, ó na apá ọ̀tún kó fi ti ilẹ̀, ó rántí, ó fi ti òsì dìde. Ẹ̀gbọ́n sáré nawọ́ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú, kò sí ohun tó dì mú.

Àbúrò gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ṣí géètì, ó pa á dé jẹ́jẹ́ kó má baà dún. Ẹ̀gbọ́n dúró síbẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀nà tó gùn tààrà títí dé ibi tí àwọn ọkọ̀ ti ń gbéra. Ó sọ fún Ìyá Ẹ̀rọ pé, "Bó bá wẹ̀yìn, èmi á tẹ̀ lé e."

Wọ́n jọ ń wò ó. Ó kọjá ilé-ìwé. Àwọn ọmọ ń kí i, ó fi orí dá wọn lóhùn. Ó dé ìdí ọkọ̀, ẹnì kan bá a gba báàgì, ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú síhà ọ̀dọ̀ wọn. Ó kọjú síwájú títí ọkọ̀ náà fi lọ.